Ọmọ mẹ́rin, mẹ́jọ, mọ́kànlá, pẹ̀lú oyún: adójútòfò ìlera ìjọba wo ló kàn wá ní Àkúrẹ́?

ÌyáMọ́rẹ̀nikẹ́

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Apá Ọ̀dà níbí ní Àkúrẹ́ là ń gbé. Ọ̀kadà ni bàálé mi ń gùn, èmi ń pàtẹ ata àti tòmátì. Èyí àgbà nínú àwọn ọmọ wa ti pé ọdún mẹ́jọ, àbúrò rẹ̀ jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, mo sì lóyún oṣù márùn-ún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ọmọ ọdún mọ́kànlá, náà ń gbé lọ́dọ̀ wa.

Ibà kì í jẹ́ kí èyí ọlọ́dún mẹ́rin gbádùn. Wọ́n ní ìjọba ní adójútòfò ìlera fún irú àwa yìí. Nígbà tí mo béèrè ní ẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà, wọ́n ní orúkọ wa kò sí nínú ìwé àwọn aláìní. Ọkùnrin kan tó ń gbé fọ́ọ̀mù kiri ọjà wá ní kí n mú owó wá, òun á fi gbogbo wa sí i. Èwo lọ̀fẹ́, èwo la ó sanwó fún, ta ni kò sì ní sí níbẹ̀ nínú wa?

BàbáTúndé_Ìjọ́ka

Ẹ má da ara yín láàmú, màmá. Láti ayé gómìnà Mímíkò ni ìtọ́jú aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ti di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ sáà gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò ní san kọ́bọ̀. Kò sí fọ́ọ̀mù kankan ńbẹ̀.

Nọ́ọ̀sìAdúgbò

Bàbá Túndé, ẹ jẹ́ kí n tún ibẹ̀ yẹn ṣe, torí òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ ìyá gbé ọmọ dé iwájú káńtà kí wọ́n tó mọ̀ pé orúkọ àwọn kò sí lórí ìwé.

Ètò Abíyè lẹ ń sọ. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ́rẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò kó tó tàn ká, àsìkò rẹ̀ náà ni wọ́n ṣí Ilé Ìwòsàn Ìyá àti Ọmọ ní Àkúrẹ́ ní 2010. Nígbà yẹn ìjọba ló ń gbé owó ìtọ́jú. Aláboyún tó bá ti dé, wọ́n á dá a lóhùn. Èyí tó wà nílẹ̀ báyìí ń jẹ́ Abiyamọ, adójútòfò sì ni. ODCHC, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ yìí tí òfin dá sílẹ̀ láyé Akeredolu, ló ń darí rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n fi ń sanwó fún ilé ìwòsàn. Bí orúkọ ọmọ rẹ kò bá sí lábẹ́ ilé ìwòsàn kan, kò sí owó tó ń wọlé fún ilé ìwòsàn náà nítorí rẹ̀, wọ́n á sì ní kí o sanwó bí ẹlòmíì. Kì í ṣe ìwà ìkà ni wọ́n hù. Bí ètò náà ṣe rí nìyẹn.

Màmá Mọ́rẹ̀nikẹ́, ẹ jẹ́ ká pín ilé yín wò.

Ẹ̀yin àti ọmọ ọdún mẹ́rin: Abiyamọ. Aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ẹ forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó nílò rẹ̀, kì í ṣe lọ́jọ́ tí ara ọmọ bá ń gbóná.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ, ọmọ ọdún mọ́kànlá àti bàálé yín: Abiyamọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọ̀nà méjì ló kù. Àkọ́kọ́ ni BHCPF, owó tí Òfin Ìlera ti 2014 yà sọ́tọ̀, ó kéré tán ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọ àpò àjùmọ̀ní ìjọba àpapọ̀. Apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n fi ń san adójútòfò fún àwọn tálákà. Ẹ kò ní san kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n orúkọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé aláìní, ilé ìwòsàn alábọ́dé pàtó ni wọ́n sì yàn fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan nínú wọ́ọ̀dù 203 tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún tiwa. Bí ẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà tó wà lẹ́yìn ilé yín kì í bá ṣe èyí tí wọ́n yàn, wọn ò lè fi BHCPF tọ́jú yín níbẹ̀. Ọ̀nà kejì ni kí ẹ san owó ọdọọdún OraHIS, adójútòfò ìpínlẹ̀ tí èèyàn ń fowó ara rẹ̀ san.

Ó ń dùn mí pé ọmọ tó ti kọjá ọdún márùn-ún ni Abiyamọ ń fò dá. Ibà kò mọ ọjọ́ ìbí ẹnikẹ́ni. Ẹ má jẹ́ kí owó tí Abiyamọ bá bá yín fi pamọ́ lọ lásán: orí ọmọ ọdún mẹ́jọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ san án lé.

Akọ̀wéAlágbàka

Nọ́ọ̀sì ti sọ ibi tó yẹ ká lọ. Ìwé ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti ń yọ̀.

Láìsí NIN, kò sí ìforúkọsílẹ̀, títí kan ti ọmọ ọwọ́. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ NIN. Ti ọmọdé, ẹ óò mú ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ, NIN ìyá tàbí ti bàbá, àti ìwé ìbí. Ìwé ìbí tí mò ń sọ ni èyí tí àjọ ètò ìkànìyàn, NPC, ń fúnni. Bébà tí ilé ìgbẹ̀bí kọ ọjọ́ àti ìwọ̀n ọmọ sí kì í ṣe ìwé ìbí, bó tilẹ̀ ní òǹtẹ̀. Ọ̀fẹ́ náà ni ti NPC fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, òfin sì fẹ́ kí wọ́n forúkọ ọmọ sílẹ̀ láàárín ọgọ́ta ọjọ́ tí wọ́n bí i. Nítorí náà, ìwé ìbí ló ṣáájú, NIN ọmọ tẹ̀ lé e, kó tó kan adójútòfò. Ẹni tó bá dorí èyí kodò á kàn máa lọ, á máa bọ̀ ni.

Ọjọ́ ìbí ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ẹ gbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ ọdún mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ fi ìwé ìbí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kọ 2021, tí èkejì kọ 2020, ọmọ lè ti di ọlọ́dún márùn-ún nínú ìwé kan nígbà tó ṣì jẹ́ ọlọ́dún mẹ́rin nínú èkejì, kí ẹ̀rọ sì tì í síta Abiyamọ. Ẹ tún un ṣe kí ẹ tó ṣe NIN. Láti 2025, 28,574 náírà ni NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, ń gbà láti tún ọjọ́ ìbí ẹyọ ẹnì kan ṣe lórí NIN. Owó yẹn kì í ṣe kékeré lójú aláta.

Ẹ wo orúkọ tiyín náà. Bí NIN yín bá ṣì ń jẹ́ orúkọ bàbá yín, tí káàdì aláboyún ń jẹ́ orúkọ ọkọ, ẹ má tíì máa sáré lọ yí NIN padà nínú oyún oṣù márùn-ún. Ẹ lo orúkọ tó wà lórí NIN fún ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n kọ orúkọ kan náà sórí káàdì aláboyún. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé kí méjèèjì bára mu.

Ẹni tí kò bá rántí NIN rẹ̀, kó tẹ *346# lórí láìnì tó fi ṣe NIN. Ogún náírà ni wọ́n máa yọ.

Nọ́ńbà fóònù tí ẹ bá kọ sílẹ̀, kó jẹ́ èyí tó ń wà nílé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Láìnì bàálé tó wà lórí ọ̀kadà látàárọ̀ kò ní wúlò nígbà tí wọ́n bá ń wá yín.

ỌmọÌsìnkàn

Gbogbo èyí dùn lórí ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òdodo fún obìnrin yìí. Ó lè kó gbogbo ìwé jọ tán, kó dé ibẹ̀ kí wọ́n ní oògùn ibà ti tán, kí wọ́n kọ ọ́ sórí pépà kó lọ rà á níta. Èmi ò rí ìdí tí ẹni tó ń jẹun lójúmọ́ lójúmọ́ fi máa san owó ọdún kan kalẹ̀. Kí òun àtàwọn aláta bíi tirẹ̀ máa dá àjọ fún ọ̀rọ̀ ìlera. Owó ọwọ́ ẹni ló ń ra oògùn.

Nọ́ọ̀sìAdúgbò

Ọmọ Ìsìnkàn, àjọ dára, kódà mo fọwọ́ sí i fún owó ọkọ̀ àti oògùn tó bá tán. Àmọ́ àjọ aláta mẹ́wàá kò lè gbé iṣẹ́ abẹ ìbímọ kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbé ọmọ tí ibà ti mú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbẹ tó nílò ẹ̀jẹ̀ lóru. Irú ìyẹn ni adójútòfò wà fún. Ibà kékeré tó ń wá lóṣooṣù nìkan kọ́.

Lórí oògùn tó ń tán, òótọ́ lẹ sọ, kò sì yẹ ká bò ó mọ́lẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ ohun tó yẹ kó wà. Ní ilé ìwòsàn alábọ́dé, lábẹ́ BHCPF: ìtọ́jú aláboyún àti ìgbẹ̀bí, ìfètòsọ́mọbíbí, ibà fún tọmọdé tàgbà, ìgbẹ́ gbuuru, òtútù àyà àti àìjẹunrekánú ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, àti wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ti abẹ́rẹ́ àjẹsára kò kan adójútòfò rárá. Ọ̀fẹ́ ni fún gbogbo ọmọ, káàdì wà tàbí kò sí.

Bí ẹ bá gbé ọmọ ọdún mẹ́rin yẹn lọ nítorí ibà, ohun tó yẹ kí ẹ fojú rí nìyí. Wọ́n á gbé e sórí ìwọ̀n. Wọ́n á gún ìka rẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀jẹ̀ sórí ike pẹlẹbẹ kan, ẹ óò sì dúró bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ìlà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà C túmọ̀ sí pé kò sí ibà. Ìlà méjì, ibà wà. Tó bá wà, oògùn artemether-lumefantrine ni, ìwọ̀n ara ọmọ ló sì ń sọ iye rẹ̀: kílò 5 sí 14, hóró kan, kílò 15 sí 24, hóró méjì. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní òróró díẹ̀ tàbí mílíìkì. Ìdí tí mo fi ń tò ó báyìí ni pé bí wọ́n bá fún ọmọ ní oògùn ibà láì gún ìka rẹ̀, tàbí nígbà tí ìlà kejì kò jáde, ibà tí ẹ rò pé ó ń padà wá lè má jẹ́ ibà rárá. Òtútù àyà lè wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí oògùn bá tán, ẹ má kàn gba pépà kí ẹ máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ẹni tó ní káàdì ni yín àti pé oògùn kò sí. Ẹ béèrè ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. Lẹ́yìn náà ẹ lọ bá alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, torí tààrà ni owó BHCPF kan ń wọ inú àkáǹtì ilé ìwòsàn lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta, ìgbìmọ̀ yẹn sì wà lára àwọn tó ń fọwọ́ sí i kó tó jáde. Ará àdúgbò ni wọ́n. Wọ́n gbọ́dọ̀ lè ṣàlàyé ìdí tí oògùn ibà fi tán.

ỌmọFUTA

Ọ̀nà kan tún wà tó rọrùn jù. Tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, kó kó àwọn ọmọ yẹn mọ́ NHIS tirẹ̀, adójútòfò ìlera ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀. Ọmọ mẹ́rin ni wọ́n gbà fún òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Akọ̀wéAlágbàka

Ọmọ FUTA, wọn ò gbà á bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, ọkọ tàbí aya rẹ̀ kan, àti ọmọ bíbí inú rẹ̀ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún ni. Ọmọ àbúrò kò sí níbẹ̀ àfi kí ó san owó àfikún lórí orí rẹ̀. Àwọn kan a máa kọ ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ wọn bí ẹni pé àwọn ló bí i. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe é. Orúkọ òbí wà lẹ́yìn NIN ọmọdé, lọ́jọ́ tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí ọmọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n á dá ìtọ́jú dúró.

ÌyáMọ́rẹ̀nikẹ́

Ẹ ṣé gan-an ni, Elédùmarè yóò bá mi san án fún yín. Ó kù díẹ̀ o. Báwo ni orúkọ ṣe ń wọ ìwé aláìní yìí? Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lè bá wa wọ̀ ọ́? Ọkùnrin tó ń gba owó fọ́ọ̀mù ńkọ́? Ilé àgbẹ̀bí ìjọ wa ni mo sì bí àwọn tó ṣáájú sí, ṣé káàdì á ṣiṣẹ́ níbẹ̀?

BàbáWọ́ọ̀dù_ÒkèÀró

Mo wà nínú ìgbìmọ̀ wọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ kí n gba ti ìwé aláìní yẹn.

Kò sí ọ́fíìsì tí èèyàn ń lọ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sí i. Àdúgbò ló ń yan. Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ á wá, wọ́n á pe ìpàdé ọkùnrin, obìnrin àti ọ̀dọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n á bi wọ́n léèrè pé ta ni ẹ ń pè ní aláìní níbí, kí ló ń fi í hàn. Àwọn ará àdúgbò á dárúkọ ilé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa wọ ilé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú fóònù ńlá lọ́wọ́: òrùlé yín, iye èèyàn tó ń sùn nínú yàrá, ohun tí ẹ fi ń dáná, ẹni tó ń lọ sílé ìwé, NIN olúkúlùkù. Ẹ̀rọ ló ń fi ìdáhùn yẹn to àwọn ilé láti orí ẹni tó ṣaláìní jù. Ẹ dáhùn bó ṣe rí. Ẹni tó bá sọ ara rẹ̀ di olówó nítorí ìtìjú á jáde nínú ìwé, ẹni tó bá sì purọ́ kọjá àlà, aládùúgbò á tú u fó.

Àwọn ìletò ni ìwé yìí ti gbilẹ̀ jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn bí aláta àti ọlọ́kadà inú ìlú bọ́ sẹ́yìn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe ti kíákíá fún ará ìlú nígbà àrùn kòrónà. Nítorí náà, màmá, ó kàn jẹ́ pé orúkọ yín kò sí níbẹ̀ lónìí ni. Ẹ sọ fún ìyálọ́jà yín àti alága àwọn onílé àdúgbò pé ẹ fẹ́ mọ ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀. Ẹni tó bá wà lọ́jà lọ́jọ́ ìpàdé, ẹ má retí pé ẹlòmíì á dárúkọ rẹ̀.

Ní ti ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ yín: nínú ìwé yìí, àwọn tó ń sùn sábẹ́ òrùlé kan tí wọ́n sì ń jẹ nínú ìkòkò kan náà ni ìdílé. Ẹ kà á mọ́ ọn. Ohun tó máa dí i lọ́wọ́ ni NIN, torí pé NIN ìyá tàbí bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe tirẹ̀. Ẹ tètè béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ọkùnrin fọ́ọ̀mù: ẹ má fún un ní kọ́bọ̀. Abiyamọ àti BHCPF kò ní owó ìforúkọsílẹ̀. OraHIS tó ní owó, àkáǹtì ìjọba ni owó ń wọ̀, ìwé ìsanwó tó ní nọ́ńbà á sì jáde. Ẹ lọ sí ọ́fíìsì ODCHC fúnra yín. Bí aṣojú bá tọ̀ yín wá lọ́jà, ẹ wo káàdì iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé ó tẹ NIN yín sínú ẹ̀rọ níwájú yín. Ẹni tó kọ nọ́ńbà NIN yín sínú ìwé ọmọ iléèwé tó sì gbé e lọ, ewu ńlá ni.

ỌmọÌsìnkàn

Bàbá, ẹ̀yin náà mọ̀ pé níbòmíì, ẹni tó bá sún mọ́ olóṣèlú ni orúkọ rẹ̀ ń kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ síta.

BàbáWọ́ọ̀dù_ÒkèÀró

Ó ń ṣẹlẹ̀, mi ò jiyàn. Ìdí tí mo fi ní kí àwọn obìnrin wá sí ìpàdé tiwọn nìyẹn. Wọ́n gbọ́dọ̀ ka orúkọ tí wọ́n yàn sí etígbọ̀ọ́ àwùjọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ ti sọ̀rọ̀. Tí ìwé bá ti kúrò ní àdúgbò, àtúnṣe rẹ̀ le.

Agbẹ̀bí_Ìgbàrà

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ ilé àgbẹ̀bí ìjọ, torí ẹ̀mí ló wà níbẹ̀.

Káàdì kò ṣiṣẹ́ ní ilé àgbẹ̀bí ìjọ. Kò sí lára àwọn tí wọ́n ń sanwó fún. Ìpínlẹ̀ yìí ti fìgbà kan ní ètò Agbẹ̀bíyè tó ń fún àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ àti ti ìjọ ní nǹkan bí wọ́n bá fa aláboyún lé ilé ìwòsàn lọ́wọ́, torí wọ́n mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ obìnrin wa ń lọ. Ẹ lè máa gbàdúrà pẹ̀lú wọn. Ilé ìwòsàn tí orúkọ yín wà ni kí ẹ bímọ sí.

Ní oṣù karùn-ún yìí, ẹ ti yẹ kí ẹ máa gba oògùn ààbò ibà aláboyún: hóró mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà níwájú nọ́ọ̀sì, kó tó oṣù kan kí ẹ tó tún gba òmíràn. Bí ẹ bá ń lo septrin fún nǹkan mìíràn, ẹ sọ fún wọn, wọn ò ní pa á pọ̀. Wọ́n á wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n á yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì yín, torí ilé ìwòsàn ńlá á béèrè rẹ̀.

Ilé ìwòsàn alábọ́dé kì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Bí ó bá di dandan, wọ́n á kọ ìwé tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn lọ síwájú, wọ́n á sì gba kóòdù, nọ́ńbà ìyọ̀ǹda ìtọ́jú, lọ́wọ́ àjọ. Ìwé láìsí kóòdù, ilé ìwòsàn ńlá lè má rí owó gbà lórí rẹ̀, ẹ̀yin ni wọ́n á sì kọjú owó sí. Kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, ẹ wo ìwé náà: orúkọ bó ṣe wà lórí NIN, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ yín, ohun tó ń ṣe yín, orúkọ ilé ìwòsàn tí ẹ ń lọ gan-an, àti kóòdù. Bí wọ́n bá kọ ilé ìwòsàn kan, tí ẹ gba òmíràn lọ nítorí pé ó sún mọ́ ilé, kóòdù yẹn kò bá yín lọ.

BàbáTúndé_Ìjọ́ka

Ìyá tó ń rọbí kò ní àsìkò kóòdù. Èmi ṣì dúró lórí rẹ̀ pé ilé ìwòsàn ńlá tààrà ló dáa jù. NHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ NHIS tẹ́lẹ̀, sì ti pàṣẹ ní 2025 pé láàárín wákàtí kan ni kóòdù gbọ́dọ̀ jáde.

Akọ̀wéAlágbàka

Bàbá Túndé, àwọn HMO, ìyẹn àwọn iléeṣẹ́ tó ń bójú tó ètò ìjọba àpapọ̀, ni àṣẹ wákàtí kan yẹn bá wí. Abiyamọ àti OraHIS, àjọ ìpínlẹ̀ ló ń fún wọn ní kóòdù. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ODCHC ń gbé fún ọ̀rọ̀ kóòdù sí ẹ̀yìn káàdì, kí bàálé náà fi pamọ́ sórí fóònù rẹ̀.

Agbẹ̀bí_Ìgbàrà

Ọ̀rọ̀ yín ní ibi tó ti jóòótọ́, Bàbá Túndé. Ẹ jẹ́ ká pín in sí méjì.

Bí kò bá sí pàjáwìrì, tí ẹ bá fo ilé ìwòsàn tí orúkọ yín wà dá, ẹ̀yin lẹ máa sanwó. Kò sí ọ̀rọ̀ nínú ìyẹn.

Bó bá jẹ́ pàjáwìrì: gìrì tó ń mú ọmọ, ọmọ tí kò lè mu nǹkan mọ́ tàbí tí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun, aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí orí ń fọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú, ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ jù ni, kóòdù á tẹ̀ lé e. Abala ogún nínú Òfin Ìlera 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tó lè kọ ìtọ́jú pàjáwìrì fún ẹnikẹ́ni nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ lè san owó ìtanràn ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà, tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Ẹ fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún ẹni tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ẹlòmíì pe nọ́ńbà àjọ nígbà tí wọ́n bá ń tọ́jú aláìsàn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí àjọ mọ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bó bá di ọ̀sẹ̀ kejì kí ẹ tó sọ, ó máa ń ṣòro kí wọ́n tó gba owó náà mọ́ra.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù. Ìkókó kì í wọ ètò fúnra rẹ̀ nítorí pé ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹfà tí ẹ bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, kí ìwé ìbí rẹ̀ ti wà lọ́wọ́, kí ẹ ṣe NIN rẹ̀, kí ẹ sì fi í kún un. Mo ti rí ìwé ọmọ olóṣù mẹ́jọ tó ṣì ń jẹ́ «Ọmọ Màmá Báyìí» nínú àkọsílẹ̀. Kò sí ẹ̀rọ tó máa dá orúkọ yẹn mọ̀.

ÌyáMọ́rẹ̀nikẹ́

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ ìbí tó wà lórí káàdì abẹ́rẹ́ àti ti ìwé ìbí ọmọ kékeré kò bára mu lóòótọ́, oṣù ló yàtọ̀.

Akọ̀wéAlágbàka

Tí ẹ kò bá tíì ṣe NIN rẹ̀, inú mi dùn. Èwo ló jóòótọ́? Bí ìwé ìbí bá jóòótọ́, ẹ ní kí ẹ́ẹ́tì sẹ́ńtà kọ káàdì abẹ́rẹ́ mìíràn, kí wọ́n sì fòǹtẹ̀ lù ú. Bó bá jẹ́ ìwé ìbí ló ṣìnà, ẹ gbé e padà sí NPC pẹ̀lú bébà ilé ìgbẹ̀bí. Ẹ ṣe é kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ NIMC.

ÈgbọnÌdànrè

Ẹ jọ̀wọ́, mo ń ka ìjíròrò yìí bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta kan wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìdànrè, Àkúrẹ́ làwọn òbí rẹ̀ ń gbé, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí i. Ilé ìwòsàn ìlú wo ni kí wọ́n kọ?

Nọ́ọ̀sìAdúgbò

Ti Ìdànrè. Ibi tí ọmọ ti ń sùn ni kí orúkọ rẹ̀ wà, torí òru ni ibà rẹ̀ máa gbóná.

Akọ̀wéAlágbàka

Bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sì lè kọ ọ́ sí ìlú méjèèjì, NIN kan kì í wọlé lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá padà sí Àkúrẹ́ láti bẹ̀rẹ̀ iléèwé, wọ́n á kọ̀wé sí àjọ pé kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn míì. Títí tí ìyẹn á fi jáde, ti Ìdànrè ló ṣì ń ṣiṣẹ́. Kí ìyá ọmọ ya fọ́tò ìwé ìbí àti NIN rẹ̀ fún ìyá àgbà. Bí màmá kò bá ní fóònù tó ń gba fọ́tò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, kí wọ́n fi í pamọ́ sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ ọmọ, kí wọ́n sì fi nọ́ńbà ìyá ọmọ àti ti ẹnì kan tó ní ọkọ̀ ládùúgbò sí ẹ̀yìn rẹ̀.